Ilẹ̀ Tí Wọn Ò Fẹ́ Kó Lọ́ràá

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Bàbá mi dé Berlin ni wọ́n ní àwọn ń padà sílé. Oṣù mẹ́ta la jọ ṣàdéhùn! Nọ́ọ̀sì ni mí; tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, ojú fèrèsé ilé wa ní Schöneberg ni wọ́n máa ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àgbẹ̀ sì ni wọ́n láti kékeré. "Ṣé ẹ̀wọ̀n lo mú mi wá ni?" ni wọ́n bi mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Láti ìgbà tí Màámi ti kú ni mi ò ti fojú kan Bàbá kí wọ́n tó wá, mo sì fẹ́ kí wọ́n dúró tì mí.

Ni mo bá mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ẹ̀yìn Hamburg ní Sátidé kan nígbà ìwọ́wé. Ibẹ̀ ni èmi àtàwọn mélòó kan ti máa ń bá ìyá àgbà kan tọ́jú Heide, pápá oníyanrìn tí igi kúkúrú olódòdó àlùkò máa ń hù sí. Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Farn, tó ga dé àyà èèyàn, ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ òdòdó náà. A ti gé e, a ti fi réèkì ha ewé jíjẹrà kúrò, ó ku yanrìn lásán. Lọ́jọ́ yẹn, a fọ́n irúgbìn tí ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbọ̀n jọ. Díẹ̀ ló kù nínú àpò rẹ̀.

Ẹ wá wo Bàbá mi! Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń di réèkì mú nìyẹn? Ọwọ́ abẹ́rẹ́!"

Nígbà tí àwa yòókù lọ mu tíì, Bàbá mi ní tàwọn di ẹ̀yìn iṣẹ́. Ká tó padà, wọ́n ti kó Farn gbígbẹ bo gbogbo ibi tí a fọ́n irúgbìn sí, bí wọ́n ṣe máa ń bo orí ebè iṣu kí oòrùn má baà jó o. Ìyá náà kígbe, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́!" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ojú tì mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá náà ṣàlàyé, mo ń túmọ̀: irúgbìn yẹn kéré bí eruku, ìmọ́lẹ̀ ló ń fẹ́, tí ewé bá sì jẹrà síbẹ̀ tí ilẹ̀ lọ́ràá, koríko àti Farn ló máa gbà á padà.

"Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ni wọ́n ń wá?" Bàbá mi mirí. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí irúgbìn má baà bá a lọ. Ìyá náà kúnlẹ̀ tì wọ́n. Èmi náà kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ṣa ewé."

Nígbà tí a ṣe tán, ìyá náà da irúgbìn tó kù sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá mi pé kí wọ́n fọ́n ọn. Wọ́n fọ́n ọn láìfi nǹkan kan bò ó, àmọ́ mo rí i pé ara ń ta wọ́n láti bò ó.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mò ń ro bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì padà sílé. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Tí o bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló máa mú mi padà sí pápá yẹn?"