Ihò Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dá sí Ìgbòkun

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú ní Ọ̀tà, bánà ìsọjí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń rán ní Sángo. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ní ọkọ̀ ìgbòkun kékeré alára méjì, bí ọkọ̀ ojú omi méjì tí a so pọ̀, tó fi ń díje létí òkun. Ó ní ká rán ìgbòkun kan kún un, èyí tí yóò wú bí ikùn aboyún níwájú ọkọ̀. Bó bá gbégbá orókè, àwa la ó máa rán gbogbo tapólì ọkọ̀ ẹrù rẹ̀.

Mo rán an fúyẹ́ débi pé bí mo bá sín, á gun àjà lọ. Mo jáde lọ jẹun. Ìgbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi ti fi sísọ́ọ̀sì dá ihò sí i, bí a ti ń ṣe fún bánà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí afẹ́fẹ́ má fà á ya ni. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ni wọ́n fẹ́ kó mú!"

Ẹ̀gbọ́n mi ká a, ó sì gbé e fún dírẹ́bà ọ̀gá tó wá gbà á.

Lọ́jọ́ ìdíje, afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò kọjá, ó ń súfèé, ẹja ń jó sí i. Ọkọ̀ náà ló kẹ́yìn. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ tapólì.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀ mí rí. Títí tó fi kú, ohun tó ń sọ ni pé ihò yẹn ló kéré.