Ta Ló Ni Orin Tí Bàbá Mi Fẹ́ràn?

Nígbà tí mo ṣì kéré, nílé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, òórùn dòdò àti ti aṣọ iléèwé tí mo rẹ sínú sítáàṣì ni mo fi ń mọ ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà á rántí. Tí mo bá ti fọ abọ́ tán, bàbá mi á rọra nu àwo orin kan tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó mẹ́rin onírun gígùn, ará Lọ́ńdọ̀nù, ló wà lára páálí rẹ̀. Gìtá wọn á máa ké, bàbá mi á dijú, wọ́n á ní, "Òyìnbó gbọ́n o!" Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ògiri kan ló là wá pẹ̀lú Bàbá Káyọ̀dé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọ̀rẹ́ tí bàbá mi máa ń bá ta ayò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo ń ta suwé lójúde wọn nígbà tí mo gbọ́ orin bàbá mi láti pálọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ó falẹ̀, gìtá kan péré ni, ohùn àgbàlagbà kan sì ń han bí ẹni tó ń sunkún. Mo wọlé lọ wo páálí náà. Èèyàn dúdú ni! Bàbá Káyọ̀dé ní, "Blúùsì nìyẹn, orin àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ wọn làwọn òyìnbó bàbá rẹ ti kọ́ ọ."

Ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo sáré délé: "Dádì, Bàbá Káyọ̀dé ní olè làwọn òyìnbó yín!" Wọn ò sọ olè o, èmi ni mo fi kún un. Mo kúnlẹ̀, mo káwọ́ sókè títí ojú àwo méjèèjì fi kọrin tán. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi lọ bá ọ̀rẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Ayò títa parí lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ rélùwéè gbé Bàbá Káyọ̀dé lọ sí Zaria, àwọn àti bàbá mi ò sì dágbére fún ara wọn. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo fà á.

Lóṣù tó kọjá, níbí ní Toronto, Tèmi ọmọ mi tó ń kọ́ gìtá níléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá rẹ̀ kọ orin bàbá mi yẹn gan-an. Mo ní, "Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"It's blues, Mummy. The British bands got it from Black Americans. Everybody knows that."

Gbogbo ayé mọ̀! Orí mi dàrú. Àwọn èèyàn wa kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ọ, wọ́n tún tà á fún bàbá mi n'Ìbàdàn. Ṣé olè jíjà nìyẹn, àbí ìfẹ́? Mi ò tíì mọ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí.

Nígbà tí mo parí shift mi níbi iṣẹ́, mo pe bàbá mi, mo ròyìn fún wọn.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tí èmi àti Bàbá Káyọ̀dé jà náà ni mo wo àárín àwo orin mi. Orúkọ ọkùnrin dúdú tó ni orin náà wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní. Ojú ló tì mí láti padà lọ bá a."

Wọ́n wá béèrè bóyá yìnyín ṣì ń já bọ́ lọ́dọ̀ wa.

Láyé ìgbà tiwa, àgbà kì í ṣàṣìṣe lójú ọmọ. Lóde òní, Tèmi á máa jẹ búrẹ́dì lọ, á sì sọ fún mi lójúkojú pé mi ò tọ̀nà. Mi ò mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n mo ti ń kọ́ láti tètè sọ pé, "Má bínú, èmi ni mo ṣì í." Bàbá Káyọ̀dé kú sí Zaria kí bàbá mi tó rí ẹnu sọ ọ́.