Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Pa Bàbá Mi

Bàbá mi ò ka kọ̀ǹpútà sí iṣẹ́. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti pinnu pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lèmi náà ń lọ. Àwọn ọdún 1990 ti ń parí lọ nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kò burú, òun á wá fojú ara òun rí ohun tí mo ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ládùúgbò Post Office, n'Ílọrin. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ó parí nìyẹn.

Mo ní màá pa á lẹ́nu mọ́. Mo ṣe kíláàsì kan tó ń jẹ́ Òbí sínú kọ̀ǹpútà. Kíláàsì ò ju bátànì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ lọ. Ọ́bújẹ́ẹ̀tì ni aṣọ tí a gé jáde. Mo gé ti bàbá mi: Adéwọlé ló ń gbé, ọmọ Ìlọrin ni, ó wà láàyè. Ó ku ti ìyá mi, tí a sin lọ́dún tó ṣáájú. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìyá = bàbá, mo wá yí ti ìyá sí olóògbé.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìlà méjì yọ lójú ẹ̀rọ. “Bàbá: olóògbé. Ìyá: olóògbé.”

“Sùbúhánálláhì!” Ó fò dìde. “Ìwọ ọmọ yìí, o ti sin mí?”

Ta ló fọwọ́ kan ti bàbá mi? Èmi kọ́ o! Olùkọ́ wa yọjú wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ká ní kò jù mí lọ ni, ǹ bá gbá a létí. Ó ní mi ò gé aṣọ kejì rárá, orúkọ kejì ni mo fún aṣọ kan náà. Orúkọ ò gbé nǹkan kan dání níbẹ̀, ibi tí nǹkan náà wà ló ń tọ́ka sí. Ohun tí mo ṣe fún ìyá, bàbá náà ni mo ṣe é fún.

Bàbá mi rọra jókòó.

“Ṣé pé nínú ẹ̀rọ yìí, ẹyọ kan lèmi àti ìyá ẹ?”

“Ẹyọ kan ni yín, Baba. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo máa gé ti Ìyá lọ́tọ̀ báyìí.”

Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Fi sílẹ̀,” ó ní. “Má tíì yà wá lónìí. Tó o bá padà wá lọ́la, kó o yà wá.”