Kú Ewu Jẹnẹrétọ̀

Lọ́dún tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ní Ìkẹjà, lọ́dún náà gan-an ni ọkọ obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Agége ra jẹnẹrétọ̀ kékeré fún un. Bí wọ́n bá ti múná lọ, tó tàn án, àfi bí ẹni pé èmi ni ẹ̀rọ náà ń bú.

Nígbà tí a ń lọ sìnkú ìyá lanlọ́ọ̀dù wa ní abúlé etí ọ̀sà, obìnrin náà gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ní kò síná níbẹ̀. Òjò ń rọ̀, wọ́n fi rọ́bà bo inú ọkọ̀ yíká. Ló bá tan jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ ìbòrí náà, kí fáànù lè máa fẹ́ òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó ké sí mi: "Àǹtí, ẹ wá gba atẹ́gùn."

Atẹ́gùn ta ni? Mo jókòó síwájú ọkọ̀, òjò ń pa mí.

Nígbà tó yá, ẹ̀rín wọn dákẹ́. Mo ní wọ́n ń sun oorun ọlọ́lá ni. Inú bí mi, mo yọjú wọlé kí n sọ pé ariwo yẹn tó gẹ́ẹ́. Èéfín ti kún ibẹ̀, gbogbo wọn ti dákú. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo fa rọ́bà ya, mo pariwo títí wọ́n fi lajú.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àdúgbò fi ń wọ́ lọ kí obìnrin náà kú ewu, pẹ̀lú ọsàn àti mílíìkì alágolo. Èmi náà ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹnì kan ò yà.