Ọjọ́ tí Ìyá Àwọn Ọmọ Mi Fẹ́ Kó Lọ sí Àkúrẹ́

Ní etí òkun Ìlàjẹ tiwa, èéfín ẹja ló máa ń jí èèyàn láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn mìíràn ló gba imú mi: òórùn ẹrẹ̀ abẹ́ òkun, tó tutù, tó ń rùn bí ìkòkò tí wọ́n dé látọdún tó kọjá. Òkun kò pariwo rárá. Àwọn ẹyẹ funfun tó máa ń jà sí ìfun ẹja kò sí níbì kankan. Ìwọ náà mọ̀ pé bí aláriwo bá dákẹ́, ohun tó ń rò lọ́kàn ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù.

Àkọ́bí wa, tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, ti háyà ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì láti Igbókòdá wá kó wa. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló wọ̀, kò sì bọ́ ọ nígbà tó jókòó sórí àga mi. Mo ní, "Ṣé inú àga lo fẹ́ rì sí ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti sún ilé orí òpó yìí sẹ́yìn fún òkun. Yàrá yín ti wà nílẹ̀ ní Àkúrẹ́."

Mo sọ fún un pé èmi àti òkun ti ń fà á tipẹ́. Mo ní nígbà ọ̀dọ́ mi, mo gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, ó sì sá sẹ́yìn débi pé a fẹsẹ̀ rìn lọ kí àwọn ẹja nílé wọn, wọ́n sì po gaàrí fún wa.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ìyá wọn dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti di ẹrù rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ gbọ́. Oorun kì í kùn mí lóru mọ́. Bí òpó ilé yìí bá yẹ̀ lónìí, ọmọ mi ni mò ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin, ẹ dúró kẹ́ ẹ máa gbá òkun létí."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, kò sí irọ́ tí mo pa tí kò bá mi já. Ilé tí kò bá sí nínú rẹ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi kò gbà láti gòkè lọ sí Àkúrẹ́.

Oòrùn ọ̀sán ṣì ń ràn nígbà tí omi gòkè. Kò sáré. Ó ń bọ̀ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé, ó gba abẹ́ wa kọjá, ó gbé ilé ìdáná lọ, àfi gbòlà tí òpó iwájú ké, ó yẹ̀. Ìyá wọn gbé ẹrù, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ibẹ̀ ni àdúgbò ti dé. A kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Níbi tiwa, ìró òpó ni ìpè. Wọ́n gun òrùlé, wọ́n ń tú páànù, wọ́n ń fa ìṣó yọ, wọ́n ń kó pákó sínú ọkọ̀ wọn, kí ilé náà lè tún sún sẹ́yìn. Ọkùnrin kan tí a kì í kíra wa mọ́, nítorí ó pè mí ní òpùrọ́ níwájú èrò, òun ló wà lókè pátápátá. "Òpùrọ́, gba páànù! Àbí ẹja ni yóò bá ọ gbà á?" Mo gbà á. Ọmọ mi bọ́ bàtà, ó wọ omi, ó gbé pákó lé èjìká.

Ìyá elédé, Mùsùlùmí tó ń ta edé, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa, ti rí àgbá tí ìyá wọn fi ń yan ẹja mú, ó ń yí i lọ. Ó kígbe pé, "Ìyá Tíṣà, mo ti gbá ẹ̀yìn ilé mi fún yín. Ibo ni kí n gbé e kọjú sí?"

Awakọ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì. Àfi tí ìyá wọn kígbe lójijì láti inú ọkọ̀:

"Má kọjú ẹ̀ sí afẹ́fẹ́! Ṣé èéfín fẹ́ pa ọ́ ni? Ta ló tiẹ̀ ń yí àgbá báyẹn?"

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wà nínú omi dé ìbàdí, ó ń wọ́ ẹrù rẹ̀ bọ̀.

Ọmọ wa nìkan ló padà lọ. Àwọn èèyàn ń bi wá pé kí la rí ní ìpínlẹ̀ yìí tá a fi rọ̀ mọ́ etí rẹ̀ tó ń já bọ́. Mo máa ń ní ẹja ibẹ̀ ń kọrin. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò tíì rí ibòmíràn tí ẹni tó ń bá ọ jà yóò ti gun òrùlé rẹ kí o tó bẹ̀ ẹ́. Òkun mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bìkítà. Láàárọ̀ yìí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá elédé. Ìyá àwọn ọmọ mi ti gbé ìkòkò ńlá kaná. Ó ní àwọn tó máa ru pákó ilé ìyá elédé gbọ́dọ̀ jẹun.