Kànga Tí Wọn Kò Dárúkọ

Àwọn tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé kì í wọ́n ládùúgbò wa. Ẹ̀yìn ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìsọlọ̀ ni ilé tí a háyà wà. Tírélà ló ń jí wa láàárọ̀, èéfín ló ń bá wa jẹun alẹ́, nítorí náà ibi tó yẹ fún ìwádìí gan-an la jẹ́. Ọ̀kan gbé ẹ̀rọ wá, ó fẹ́ mọ bí ariwo tírélà ṣe pọ̀ tó. Òmíràn jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́mọ, ó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lọ́yàn. Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ lo odidi ọ̀sán kan lọ́dọ̀ ìyá mi, torí ó fẹ́ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó kò mọ̀ mọ́. Ìyá mi fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ohùn wọn fi há.

Ohun kan náà ni gbogbo àwọn olùwádìí yìí máa ń sọ bí wọ́n bá ń lọ: "A máa padà wá jábọ̀ fún yín." Wọ́n á fún wa ní ọṣẹ ìfọṣọ, wọ́n á ní kí Ọlọ́run bùkún wa, ó parí. Ẹni tó bá ti rí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá, kó wá júwe rẹ̀ fún mi. Tíṣà ni mí, n kò kórìíra ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó lórí àga mi, tó bi mí ní ìbéèrè títí tí ọbẹ̀ fi jóná mọ́ mi lórí iná, ó yẹ kó lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo fún èmi náà.

Èyí tó ń bí mi nínú títí dòní ni ti ọkùnrin tó wá bu omi. Láńlọ́ọ̀dù wa ló mú un wọlé fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà níwà, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi, wọ́n sì fún un ní àgbàdo sísè, ó jẹ ẹ́. Ó ní ìwádìí òun dá lórí omi kànga tó wà nítòsí ilé-iṣẹ́. Ó fa omi nínú kànga wa, ó rọ ọ́ sínú ìgò kéékèèké, ó sì lọ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ilé mìíràn lójú títì wa.

Ìyá mi bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan nínú omi yìí ṣá?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ máa gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyá mi ṣe rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, wọn kò fi píọ́ wọ́tà kan ẹnu. Wọ́n ní ó ń rùn bí ọ̀rá. Omi kànga ni wọ́n ń mu, bí wọ́n ti ń mu ún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n á da álọ́ọ̀mù sínú báàkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dúró kó tòrò, wọ́n á wá bù ú mu pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Mo sọ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo kàn ń retí àbọ̀ ọkùnrin yẹn ni, kí n lè mọ̀ bóyá kí n fi wọ́n sílẹ̀ tàbí kí n ti kànga náà pa.

Òjò rọ̀, ó dá. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá láńlọ́ọ̀dù ní ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní ọ̀nà Àìlégún, mo bi í bóyá ó gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá náà wò mí bí ẹni tí mo wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Tíṣà, omi tí gbogbo ayálégbé mi ń mu látijọ́ nìyẹn. Ta ló ti kú níbẹ̀? Má fi ìwé da ilé mi rú o."

Mo padà sílé. Ìyá mi sì ń bá omi wọn lọ.

Ilé-ìwé aláàdáni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Apákùn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀gá wa obìnrin náà ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Lọ́jọ́ tí yunifásítì ní kí àwọn tó ti ń parí iṣẹ́ wọn wá fi í han aráyé, ọ̀gá wa bẹ̀ wá kí a wá kín wọn lẹ́yìn. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ.

Inú mi dùn nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn yẹn. Olúkúlùkù lẹ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ pátákó, ó dúró tì í. Ẹnìkan ṣe tirẹ̀ lórí ìràwọ̀ tó ti kú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó dúró tẹ̀ lé e mú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó sọ ọ́ di páálí. Ọkùnrin kan wo bí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ṣe ń sùn lọ́sàn-án. Obìnrin kan fẹ́ mọ ìdí tí ibùdókọ̀ fi ń jẹ́ orúkọ igi tí wọ́n ti gé tipẹ́. Ẹnìkan sì wà tó fi ìgbà èwe rẹ̀ lé ìgbín kiri. Ìgbín! Ti ọ̀gá wa dá lórí bí ọmọdé ṣe lè fi ayò ọlọ́pọ́n kọ́ ìṣirò. Orí mi wú. Mo ní ìlú tó ní irú àwọn èèyàn báyìí, kí ló kù tí kò ní lè mọ̀?

Níbi tí mo ti ń wò kiri ni mo ti rí ìdérí kànga wa nínú fọ́tò kan. Tiwa ni, kò lè jẹ́ tẹlòmíràn. Èmi ni mo so okùn aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin olómi náà ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, àwọn èèyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti ń pè é ní dókítà.

Mo ka ohun tó kọ. Ó ní òjé, májèlé tí òyìnbó ń pè ní lead, wà nínú ọ̀kan nínú àwọn kànga náà, ó pọ̀ ju ohun tó yẹ kí èèyàn mu lọ. Ó ní bí a sè é, bí a da álọ́ọ̀mù sí i, òjé náà kò ní lọ. Kò dárúkọ ilé kankan. Lẹ́tà A, lẹ́tà B, ni ó fi ṣe orúkọ fún wọn.

Mo kí i. Nígbà tí mo nawọ́ sí fọ́tò tí mo ní ilé wa nìyẹn, ojú rẹ̀ tàn.

"Háà, Àǹtí! Ẹ ṣeun gan-an o. Street yín yẹn ló gbé iṣẹ́ yìí níyì."

"Kànga wo ni òjé wà nínú ẹ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò lè sọ. Confidential ni. Mo ti ṣèlérí fáwọn láńlọ́ọ̀dù pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ ilé tó jẹ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé."

"Ṣé àwọn láńlọ́ọ̀dù ló ń mu ún ni?"

"Mo ti sọ ti kálukú fún un. Gbogbo wọn ló ti gbọ́. Àwọn ló yẹ kó sọ fún tenant wọn."

Gbogbo wọn ló ti gbọ́! Bàbá tó ní kí n má da ilé òun rú ti gbọ́. Àṣírí ta ni wọ́n ń bò? Wọ́n bo ti onílé, wọ́n wá fi ọ̀fun àwọn ayálégbé sílẹ̀ gbayawu. Ọmọlúàbí wo ló ń jẹ́ kí ìlérí tó ṣe fún ẹni tó ń gba owó ilé ju ẹ̀mí ẹni tó ń mu omi lọ? Gbogbo èyí ni mo sọ síta, mo sì pariwo rẹ̀. Ẹni tó ni ìràwọ̀ yíjú, ẹni tó ni ìgbín yíjú.

Ọ̀gá wa sáré wá, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n wò dáadáa, ọ̀gá mi. Iṣẹ́ wọn ni."

Ọkùnrin náà kò bá mi jà. Ó sorí kọ́, ó ń fọwọ́ pa táì rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, màmá yẹn… ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Ìbéèrè yẹn ni ìdáhùn mi. Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi, mo sì tẹ ìyá mi láago. Wọ́n gbé e. Mo ní kí wọ́n da omi inú báàkẹ́ẹ̀tì nù, kí wọ́n má fi kan ẹnu mọ́, kí wọ́n sọ fún gbogbo ilé.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin tó wá bu omi lọ́jọ́sí ni, Màámi. Mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí."

"Ọmọ dáadáa yẹn! Ṣé ó ti gboyè ẹ̀?"

"Ó ti gbà á, Màámi."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Wọ́n ní oyè náà á mọ́ ọn lórí, wọ́n ní kò ní rí ikú ọmọ, wọ́n ní yóò pẹ́ láyé ju àwọn lọ. Mo gbọ́ ọ dé ìparí. N kò ṣàmín.