Orúkọ Tó Wà Lára Ìbọn

Òórùn epo ìbọn ló kọ́kọ́ pàdé wa lórí àtẹ̀gùn. Màmá àgbà dúró, ó fa òórùn náà símú, ó ní, "Òórùn ilé bàbá mi nìyí." Ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ó di apá mi mú, a rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú basement bàbá ará Finland tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa ní Whitehorn.

Nítorí àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni màmá ṣe wá sí Calgary. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá yẹn kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n mọwọ́ ara wọn. Bàbá á kó snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá á ní kí n gbé mọ́ín-mọ́ín gbígbóná lọ fún un. Èmi ni ògbufọ̀ wọn, Yorùbá tèmi sì rèé, ṣe ló ń tiro.

Ìbọn àtijọ́ kan wà lórí tábìlì, irú èyí táwọn ọmọ ogun Finland lò láyé ogun. Bàbá fẹ́ kó lọ sí ilé àwọn arúgbó, wọn kì í sì í gba ìbọn níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra ìbọn àtijọ́ ti wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ó rí lẹ́tà SA tí wọ́n lù sára irin rẹ̀, àmì ológun wọn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu ìbọn náà. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi orúkọ kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára igi ìdí rẹ̀. Ó ní orúkọ yẹn ló ba ọjà jẹ́. Bí a ṣe wọlé, sándípépà ti wà lọ́wọ́ bàbá.

"Ask your grandma," ó sọ fún mi. "She's a hunter's daughter. What does she think it's worth?"

'Iye' ló yẹ kí n pè é ní Yorùbá. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní kí ni iyì ìbọn yìí?"

Màmá fi ìka tó ń dán fún òrí tó máa ń fi para tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Orúkọ ta nìyí?"

Mo bi bàbá. "My brother," ó wí. "He carried one like this. They never found him. No grave, nothing. I bought this one here and I cut his name in it."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá mirí.

"Sọ fún un pé iyì ìbọn ọ̀hún ló fẹ́ fi sándípépà nù yẹn."

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Bàbá jókòó, ó sunkún. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó sunkún rí, ẹ̀rù sì bà mí. Màmá kò pa á lẹ́kún. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ìyẹn nìkan ni mi ò túmọ̀.

Bàbá ta ìbọn náà lọ́sẹ̀ kejì ní owó táṣẹ́rẹ́, tòun ti orúkọ tó wà lára rẹ̀. Kó tó gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní kó pe orúkọ náà. Ọkùnrin yẹn ṣì í pè. Bàbá tún un pè fún un, ó tún gbìyànjú, títí tó fi tọ̀nà. Màmá pọn àbúrò mi, ó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé wa.

Mo ti mọ ìyàtọ̀ iye àti iyì báyìí. Nígbà tí màmá kú lẹ́yìn tó ti padà sílé, àwọn tó ń pín ẹrù rẹ̀ bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fẹ́, góòlù ni àbí aṣọ. Mo ní kí wọ́n fi ike òrí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ojú ìka rẹ̀ ṣì wà níbi tó ti bù ú kẹ́yìn. Mi ò tíì fọwọ́ kan òrí náà.